Fífi Omi Iyọ̀ Fọ Imú: Ohun Tó Yẹ Kí Àwọn Oníṣòwò Ọjà Creek Road Mọ̀

Ọjà Creek Road wà ní àdúgbò àtijọ́ tí àwọn ará Port Harcourt, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, ń pè ní Táàùn, nítòsí etí omi. Ẹja tútù, ẹja gbígbẹ, edé, akàn àti ìṣáwùrú ni ọjà náà gbajúmọ̀ fún. Bí ẹni tó ń ta edé gbígbẹ bá ti ń jọ ọ́, eruku edé a máa fẹ́ sí i nímú. Bí ẹni tó ń ta ẹja yíyan bá tú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òórùn èéfín a gba gbogbo ìsọ̀. Ohun tó tún wá pa kún èyí ni èéfín dúdú tí àwọn ará ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí lórí ọkọ̀, lára fèrèsé àti lára aṣọ tí wọ́n sá síta láti ìparí ọdún 2016.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé imú dídí, orí fífọ́ àti ikun tó ń ṣàn lọ sí ọ̀nà ọ̀fun jẹ́ ìnira tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe ni pé kí wọ́n lọ sí ilé ìtajà oògùn, kí wọ́n ra oògùn apakòkòrò oníhóró pupa àti yẹ́lò láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn mìíràn ń fi aṣọ borí lórí ìkòkò omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó púpọ̀, tí àwọn oníṣègùn imú, etí àti ọ̀nà ọ̀fun káàkiri àgbáyé sì ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn láti lò. Ọ̀nà náà ni fífi omi iyọ̀ fọ ihò imú. Ó ń mú ìtura wá, àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fi omi tí kò yẹ ṣe é lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Kí ló ń mú kí imú dí?

Inú egungun ojú ènìyàn kì í ṣe kìkì egungun. Àwọn yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn wà níbẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin, lápá ọ̀tún àti lápá òsì: lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní iwájú orí lókè ojú, láàárín ojú méjèèjì, àti ní ẹ̀yìn pátápátá lábẹ́ ọpọlọ. Sáínọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ojú ọ̀nà tóóró ni wọ́n fi so mọ́ ihò imú.

Awọ tín-ínrín tó tẹ́ inú imú àti àwọn yàrá wọ̀nyí ń ṣe ikun jáde lójoojúmọ́, kódà nígbà tí ara bá le koko. Iṣẹ́ ikun ni láti mú eruku àti kòkòrò àrùn tó bá wọlé. Àwọn irun tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí sì wà lórí awọ náà. Wọ́n ń mì láìdúró, wọ́n ń ti ikun náà lọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun, níbi tí ènìyàn ti ń gbé e mì láìmọ̀.

Bí ọ̀fìnkìn, eruku, ata lílọ̀ tàbí èéfín bá bí awọ yìí nínú, yóò wú. Ojú ọ̀nà tóóró yóò dí, ikun yóò ki, àwọn irun kéékèèké náà kò sì ní lè tì í mọ́. Ikun tó há sínú àwọn yàrá náà ló ń fa ìwúwo lójú, ìrora lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti orí fífọ́ tó máa ń le sí i bí ènìyàn bá tẹ̀ba.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú irú àìsàn yìí, oògùn apakòkòrò kò sì ní agbára kankan lórí fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ikun bá ti di yẹ́lò tàbí àwọ̀ ewé, ó di dandan kí a lo oògùn apakòkòrò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà ara fúnra wọn, bí wọ́n bá ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, ló ń pa àwọ̀ ikun dà. Lílo oògùn apakòkòrò nígbà tí kò yẹ ń kọ́ àwọn bakitéríà bí wọn yóò ṣe borí oògùn náà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá dé, oògùn náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó tún yẹ kí a ya ọ̀fìnkìn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ara ẹni kò gbà. Eruku edé, akàn àti ẹja wà lára àwọn ohun tó lè mú kí imú àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ máa fèsì lódìlódì. Bí ènìyàn bá ń sín léraléra, tí imú àti ojú ń yún un, tí omi tó mọ́ gaara ń ṣàn nímú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá lọ sọ́jà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjà tó ń tà ni ara rẹ̀ kò gbà.

Báwo ni omi iyọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹnikẹ́ni tí omi odò ti wọ nímú rí mọ̀ bó ṣe máa ń ta. Ìdí ni pé omi lásán kò ní iyọ̀ tó èyí tó wà nínú ara. Bí ó bá kan awọ inú imú, awọ náà yóò fa omi náà mu, yóò sì wú. Omi inú ara ènìyàn bá omi tí a fi iyọ̀ gíráàmù 9 sí nínú lítà 1 mu. Bí omi tí a fẹ́ fi fọ imú bá ní iyọ̀ ní ìwọ̀n yìí tàbí tó fi díẹ̀ lé e, kò ní ta.

Omi náà ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ń mú kí ikun tó ti ki rọ̀. Ó ń gbọn eruku, èéfín àti àwọn ohun tó ń bí imú nínú dànù. Ó sì ń fún àwọn irun kéékèèké náà láǹfààní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Íńdíà ti ń fi ìkòkò kékeré ẹlẹ́nu gígùn da omi iyọ̀ sínú imú láti ayébáyé. Bákan náà, àwọn Mùsùlùmí máa ń fa omi símú kí wọ́n tó fín in jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá pé kí omi wọ imú.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 76 tí àìsàn yàrá imú ń dà láàmú lemọ́lemọ́. Àwọn tó ń fi omi iyọ̀ fọ imú lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà ní ìtura ju àwọn tí kò ṣe é lọ.

Ní ọdún 2016, àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí aláìsàn 871. Wọ́n fi omi iyọ̀ wé fífa ooru omi gbígbóná símú. Omi iyọ̀ ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí pé ooru omi dín orí fífọ́ kù, kò ṣe ìrànwọ́ kan gbòógì fún imú. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń fi aṣọ borí lórí ìkòkò, nítorí pé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti dànù lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lára, pàápàá jù lọ àwọn ọmọdé.

Ní ọdún 2024, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet Respiratory Medicine gbé àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde, tí ó kan àwọn àgbàlagbà tó lé ní 13,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń fọ́n omi iyọ̀ símú ní kété tí ọ̀fìnkìn bá bẹ̀rẹ̀ ṣe àìsàn fún bí ọjọ́ 6.4 ní ìpíndọ́gba láàárín oṣù mẹ́fà, nígbà tí àwọn tí kò lò ó ṣe tiwọn fún bí ọjọ́ 8.2. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n lò sì dín kù.

Àwọn àbọ̀ wọ̀nyí kò sọ pé omi iyọ̀ ń wo àìsàn sàn pátápátá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ń mú ìnira fúyẹ́, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ oògùn tí kò nílò.

Omi wo ló yẹ kí a lò?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní ọdún 2011, ènìyàn méjì kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí wọn kò sè fọ imú. Ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín kan tí a ń pè ní Naegleria fowleri ló wà nínú omi náà. Bí ènìyàn bá mu ún, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba imú wọlé, ó lè gùn dé inú ọpọlọ, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló sì máa ń yè é. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan pẹ̀lú. Inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti ń gbilẹ̀. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀, àmọ́ kò sí ìdí tí ènìyàn fi níláti dán an wò, nígbà tí omi sísè tó láti dènà rẹ̀.

Nítorí náà, omi bóòhòlù, omi kànga, omi òjò àti omi ẹ̀rọ kò yẹ fún imú láìsè. Omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà náà kò yẹ láìsè, bẹ́ẹ̀ ni omi inú ike tí wọ́n ń tà fún mímu. Òǹtẹ̀ àjọ NAFDAC tó wà lára wọn túmọ̀ sí pé a fọwọ́ sí wọn fún mímu. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú wọn. Àwo tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kò lè dípò iná.

Kí a gbé omi kaná títí yóò fi máa hó yaya, kí a sì jẹ́ kó hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, kí a dé e, kí a sì jẹ́ kó tutù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí kò bá ráyè se omi lè ra omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn tó ní ìwé àṣẹ. Kí ó rí i pé 0.9% ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ó sì da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù lẹ́yìn ọjọ́ tí ó ṣí i.

Bí a ṣe ń po omi iyọ̀

Fún omi sísè tí ó tó 50cl, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, a nílò iyọ̀ ìsebẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ṣíbí tíì 1 tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, àti bàkìn sódà ìdajì ṣíbí tíì. Bàkìn sódà ń mú kí omi náà tù ní imú. Kí a má ṣe fi bàkìn páúdà dípò rẹ̀, nítorí wọn kì í ṣe ohun kan náà. Kí a má sì ṣe fi káún dípò rẹ̀ láéláé, nítorí káún yóò jó awọ inú imú.

Nítorí pé omi máa ń gbẹ díẹ̀ lórí iná, ó dára kí a se ju 50cl lọ, kí a tó fi ohun ìwọ̀n tó mọ́ wọn ìwọ̀n tí a fẹ́. Ayódíìnì wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ìsebẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí àìsàn gẹ̀gẹ̀. Bí imú ẹnikẹ́ni bá ń ta á nítorí rẹ̀, kí ó lo omi iyọ̀ ilé ìwòsàn dípò rẹ̀. Kí a po omi iyọ̀ tuntun lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń fọ imú

Kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. A lè lo ike rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, ìkòkò kékeré ẹlẹ́nu gígùn, tàbí sírínjì ńlá tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà:

1. Kí ènìyàn tẹ̀ba síwájú lórí bàsíà, kí ó sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ihò imú kan yóò fi wà lókè èkejì.

2. Kí ó la ẹnu, kí ó máa gba ẹnu mí. Kò gbọ́dọ̀ fa omi náà símú, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

3. Kí ó rọra da omi náà sínú ihò imú tó wà lókè. Omi náà yóò gba ẹ̀yìn yípo, yóò sì jáde láti inú ihò kejì. Bí díẹ̀ bá gba ọ̀fun, kí ó tu ú dànù.

4. Bí ó bá ti lo bí ìdajì omi náà, kí ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó tún un ṣe.

5. Kí ó rọra fín ikun jáde láìdi ihò imú kankan. Fífín in tagbáratagbára lè ti omi lọ sínú etí.

6. Kí ó fi omi sísè àti ọṣẹ fọ ohun èlò náà, kí ó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kí ẹni méjì má ṣe lo ẹyọ kan pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì lóòjọ́ tó nígbà tí imú bá dí. Fún oníṣòwò, àsìkò tó dára jù ni ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ọjà dé. Kí ó jẹ́ bíi wákàtí kan ṣáájú oorun, kí omi tó kù nínú imú lè ráyè ṣàn jáde.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra

Bí imú bá dí pátápátá tí omi kò lè kọjá, kí a má ṣe fi agbára tì í. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní imú tàbí etí, ẹni tó fara pa lójú tàbí lórí, ẹni tí etí ń ro, ẹni tí imú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí agbára ìdènà àrùn ara rẹ̀ kò tó níláti kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ọmọ kékeré tí kò lè tẹ̀lé ìtọ́ni kò gbọ́dọ̀ lo ike tàbí ìkòkò. Ẹ̀kán omi iyọ̀ díẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọmọdé tó fún un.

Bákan náà, ìpara tó ń ta tútù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra ihò imú kì í ṣí imú. Ó kàn ń mú kó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń wọlé ni. Kò gbọ́dọ̀ kan ihò imú ọmọ ọwọ́ rárá, nítorí ó lè dí i ní èémí. Ní ti oògùn ìfọ́nsímú tó ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀, bí ènìyàn bá lò ó ju ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún lọ, imú náà yóò tún máa dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tó bá dáwọ́ dúró.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ rí dókítà

Ọ̀pọ̀ ọ̀fìnkìn ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Bí ìnira náà bá ju ọjọ́ 10 lọ láìdínkù, bí ara bá kọ́kọ́ yá tí àìsàn náà sì tún padà le sí i, tàbí bí ibà líle bá bá ikun tó ki àti ìrora ojú rìn fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí bakitéríà ti wọ̀ ọ́. Ìgbà yìí ni dókítà lè fún ènìyàn ní oògùn apakòkòrò tó yẹ. Imú tó bá dí fún ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílò àyẹ̀wò oníṣègùn imú.

Kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì bí agbègbè ojú bá wú, bí ènìyàn bá ń rí ohun kan ní méjì-méjì, bí orí bá ń fọ́ lọ́nà tí kò fọ́ rí, bí ọrùn bá le gan-an, tàbí bí ọkàn aláìsàn kò bá pa pọ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Èéfín dúdú: ibi tí agbára omi iyọ̀ mọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi iyọ̀ lè fọ èéfín tó lẹ̀ mọ́ imú, ṣùgbọ́n kò lè fọ ẹ̀dọ̀fóró. Imú máa ń mú èyí tó tóbi nínú eruku. Àwọn èérún èéfín tó kéré jù, tí ìwọ̀n wọn fi bí ìlọ́po 30 kéré sí ìbú irun orí, ń kọjá lára imú lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú wọn sì lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé so mọ́ àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Lára ohun tí wọ́n ní ó ń fa èéfín Port Harcourt ni fífọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ nínú igbó etí omi, àti bí àwọn agbófinró ṣe ń dáná sun epo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ní ọdún 2018, àwọn ará ìlú fẹ̀sẹ̀ rìn láti bèèrè pé kí ìjọba dá èéfín náà dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Gómìnà ìgbà náà, Nyesom Wike, pàṣẹ pé kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wá àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n sì tì wọ́n pa. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó mọ́, nígbà náà, wà lọ́wọ́ ìjọba àti àwùjọ. Kò sí ike omi iyọ̀ tó lè bá wọn ṣe é.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan kò ju ìwọ̀nba lọ, àmọ́ ó níye lórí. Ẹni tó ń jọ edé lè kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ó sì lo ìbòmú N95, èyí tó ń dá ó kéré tán 95% èérún kéékèèké dúró. Aṣọ tí a fi di imú lásán kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá délé, kí ó wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ó sì fi omi iyọ̀ tí a pò bó ṣe yẹ fọ imú rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tó bá fẹ́ fi omi ṣọ́ imú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé omi náà kaná.